Ẹjọ́ Ilẹ̀ Tí Wọn Kò Pe Onílẹ̀ Sí: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-àjò láti Cumberland dé Quebec

Ọjọ́ Ajé: Cumberland àti Great Meadows

A kúrò ní Baltimore ní ìdájí, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí wọ́n wá kí wa láti Ìbàdàn. Agbẹjọ́rò ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ẹjọ́ ilẹ̀ ni wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún rò ní kóòtù; ní tèmi, iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni mo fi ń jẹun níhìn-ín. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé ọ̀nà tí ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé gbà ní Àríwá Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1754 sí 1763 ni mo fẹ́ kí a tọ̀, wọn kò bèèrè iye ọmọ ogun tàbí orúkọ ọ̀gágun. Ohun tí wọ́n bèèrè ni pé, "Ta ló ni ilẹ̀ tí wọ́n ń jà sí?" Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a débẹ̀ ná.

A kò pẹ́ ní Cumberland. Odi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ sí ibi tí Wills Creek ti ń ṣàn wọ inú odò Potomac kò sí mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì Emmanuel ló wà lórí ilẹ̀ rẹ̀ báyìí, ilé onígi kékeré kan tí wọ́n ní George Washington lò sì wà nínú ọgbà ìgbafẹ́ tó wà nísàlẹ̀. Títì US 40 ni a gbà gun àwọn òkè Allegheny, a sì ń gùn ún lọ títí tí a fi já sí pápá títẹ́jú kan láàárín igbó. Great Meadows nìyẹn.

Kí n tó sọ ohun tí a rí, ó yẹ kí n sọ bí ọ̀ràn náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1749, ọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i pé kí ẹgbẹ́ oníṣòwò ilẹ̀ kan ní Virginia, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ohio Company, gba 200,000 éékà ní àfonífojì odò Ohio, pẹ̀lú àdéhùn pé wọn yóò kó ènìyàn lọ tẹ̀dó síbẹ̀, wọn yóò sì kọ́ odi. Ní ọdún yẹn kan náà, gómìnà Faransé ní Kánádà rán Céloron de Blainville gba ojú omi lọ sí àfonífojì kan náà, kí ó máa ri àwo òjé mọ́lẹ̀ níbi tí odò bá ti pàdé odò, pẹ̀lú àkọlé pé ọba Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún ló ni odò náà àti gbogbo ilẹ̀ tó wà létí rẹ̀. Bí ẹni tó lọ gbin pẹ̀rẹ̀gún sí ààlà oko olóko ni. Odò náà ṣe pàtàkì fún Faransé nítorí òun ló so Kánádà pọ̀ mọ́ Louisiana. Ilẹ̀ tí wọn yóò gé tà ni àwọn ará Virginia ń wá ní tiwọn. Robert Dinwiddie, tó ń ṣèjọba Virginia lórúkọ ọba, tó sì pàṣẹ pé kí ọmọ ogun lọ dá Faransé dúró, ní ìpín nínú Ohio Company. Àwọn ẹ̀gbọ́n Washington pẹ̀lú ti ní ìpín níbẹ̀. "Olùpẹjọ́ tó tún jókòó sórí àga adájọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Odi tí Washington, tó ṣáájú àwọn ọmọ ogun Virginia náà, kọ́ síbẹ̀, tó sì sọ ní Fort Necessity, kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Òpó igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ yíká ni, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 53, àhéré kan ṣoṣo ló sì wà láàárín. Àtúnkọ́ ni èyí tó wà níbẹ̀ nísinsìnyí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tún un kọ́ ní ọdún 1932, wọ́n fún un ní igun. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún ni àwọn awalẹ̀pìtàn bá ìdí àwọn òpó àtijọ́ nínú ẹrọ̀fọ̀, tí wọ́n rí i pé òbìrìkìtì ni, wọ́n sì tún un ṣe. Mo fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ẹnu òpó títí dé ibi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀. Koríko ibẹ̀ tutù lábẹ́ bàtà mi bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí ibẹ̀ ni omi gbogbo òkè tó yí i ká ń darí sí. Washington ti ṣe iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n kó tó di ológun. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí wọ́n fi í ṣe awọnlẹ̀ ìjọba ní Culpeper. Lójú tèmi, awọnlẹ̀ kò gbọdọ̀ yan irú ilẹ̀ yìí fún odi. Koríko tí ẹṣin àti màlúù yóò jẹ ló rí, kò wo òkè.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 1754, nǹkan bí 600 ọmọ ogun Faransé àti ará Kánádà, pẹ̀lú nǹkan bí 100 ọmọ onílẹ̀ (àwọn tó ti ń gbé Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé) tó bá wọn wá, yọ sí Washington àti nǹkan bí 400 ènìyàn rẹ̀. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Omi kún inú kòtò tí wọ́n gbẹ́, ẹ̀tù wọn rin, àwọn Faransé sì dúró sábẹ́ igi, wọ́n ń yìnbọn sí wọn láti òkè. Lóru, Washington tọwọ́ bọ ìwé ìtúúbá tí wọ́n fi èdè Faransé kọ, èyí tó sọ pé wọ́n ti ṣìkà pa òṣìṣẹ́ ọba Faransé kan tó ń jẹ́ Jumonville. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ 4 oṣù Keje, wọ́n jáde kúrò níbẹ̀. Nígbà tó yá, Washington ra pápá náà, òun ló sì ni ín títí tó fi kú lọ́dún 1799. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ tà á nínú gbogbo àwọn tó tà á. Mo ní ibẹ̀ gan-an ni a ń lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Jumonville Glen àti ibojì Braddock

A sùn ní Uniontown, a sì padà gun òkè ní àárọ̀. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kúkúrú kan ló sọ̀ kalẹ̀ láàárín igi dé ìdí òkúta gíga kan tó dúró ṣánṣán. Bí ènìyàn bá dúró lórí òkúta náà, ó lè rí gbogbo ìsàlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó wà nísàlẹ̀ rí i. Níbẹ̀ ni Jumonville àti nǹkan bí 35 ọmọ ogun Faransé sùn sí ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1754.

Tanaghrisson, olóyè ọmọ onílẹ̀ kan, ló ránṣẹ́ sí Washington pé òun ti rí ibi tí wọ́n fara pamọ́ sí. Washington kó nǹkan bí 40 ènìyàn, wọ́n rin igbó nínú òkùnkùn àti òjò títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, wọ́n sì dara pọ̀ mọ́ Tanaghrisson àti àwọn jagunjagun rẹ̀ mélòó kan. Ìjà náà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lọ. Nǹkan bí 10 Faransé kú, wọ́n mú 21. Àwọn Faransé ní ìwé ni Jumonville mú dání, tó ń sọ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n kúrò lórí ilẹ̀ ọba Faransé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní amí ni. Ẹ̀rí lórí bó ṣe kú kò bára mu, ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà ni pé ó ti fara gbọgbẹ́, ó ti wà lọ́wọ́ wọn, kí Tanaghrisson tó fi àáké là á lórí. Washington jẹ́ ọmọ ọdún 22. Louis Coulon de Villiers, ẹ̀gbọ́n Jumonville, ni ọ̀gágun Faransé tó wá ká a mọ́ Fort Necessity lẹ́yìn náà.

Nídìí òkúta yìí ni ẹ̀gbọ́n mi ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè wọn, ìdáhùn náà kò sì gún régé. Àwọn tó ń gbé àfonífojì Ohio nígbà náà ni àwọn Delaware, àwọn Shawnee, àti àwọn Seneca kan tí wọ́n ń pè ní Mingo. Púpọ̀ nínú àwọn Delaware jẹ́ ẹni tí ilẹ̀ ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ní ìlà-oòrùn Pennsylvania kí wọ́n tó sá wá síbẹ̀. Àwọn Iroquois, tí ibùjókòó wọn wà ní ibi tó di New York lónìí, sọ pé àwọn ló fi ogun gba Ohio, nítorí náà àwọn nìkan ló láṣẹ lórí rẹ̀. Tanaghrisson gan-an ni ajẹ́lẹ̀ wọn níbẹ̀. Ní Lancaster lọ́dún 1744, àwọn aṣojú Iroquois gba owó àti ẹrù, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n gbà pé àfonífojì Shenandoah ló mọ sí. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ti fún Virginia láti ayébáyé sọ pé ilẹ̀ Virginia lọ títí dé òkun ìwọ̀-oòrùn, àwọn ará Virginia sì mú un pé Ohio ti wọ inú ohun tí wọ́n rà. Àwọn Delaware àti Shawnee tó ń dá oko níbẹ̀ kò sí lára àwọn tó tọwọ́ bọ̀wé.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí igi tó wó lulẹ̀, wọ́n ní, "Irú ẹjọ́ tí mo rò jù nìyí. Ìdílé kan tà, ìdílé kejì ló ń gbé orí ilẹ̀, ìwé olùrà sì fẹ̀ ju ilẹ̀ tí wọ́n fi hàn án lọ."

Mo sọ fún wọn nípa Christopher Gist, ẹni tí Ohio Company rán lọ yẹ ilẹ̀ wò. Lọ́dún 1751, àwọn olóyè Delaware bi í pé bí Faransé bá ní ilẹ̀ apá kan odò Ohio, tí Gẹ̀ẹ́sì sì ní ti apá kejì, níbo ni ilẹ̀ tiwọn wá wà? Gist kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ pé òun kò rí èsì fọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n tún un sọ, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pélébé tí wọ́n mú dání.

Tanaghrisson náà kò jẹ èrè kankan nínú rẹ̀. Kí ó tó kú nínú oṣù Kẹwàá ọdún 1754, ó ṣàròyé pé bí ẹrú ni Washington ṣe ń pàṣẹ fún àwọn ènìyàn òun, pé kì í gba ìmọ̀ràn, àti pé ohun kékeré kan lásán ló kọ́ sórí pápá yẹn.

Ní ọ̀sán, a dúró níbi ibojì ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, Edward Braddock, létí US 40. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 1755 nínú ìsákúrò lójú ogun. Wọ́n sin ín sí àárín ọ̀nà, Washington ka àdúrà ìsìnkú, gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà àti kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn sì gba orí rẹ̀ kọjá kí ọ̀tá má baà mọ ojú oórì. Ọdún 1804 ni àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe hú egungun tí wọ́n gbà pé tirẹ̀ ni, tí wọ́n gbé e lọ sí ibi tó wà báyìí.

Ọjọ́rú: Braddock àti Pittsburgh

Ibi tí Braddock ti gba ọta ti di ìlú tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, létí odò Monongahela, èéfín sì ń rú láti ilé-iṣẹ́ irin Edgar Thomson tí Andrew Carnegie dá sílẹ̀ lọ́dún 1875. Ojú ogun náà wà lábẹ́ ilé, títì àti ọ̀nà rélùwéè. Ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 1755 ni, nǹkan bí 1,300 ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló ṣáájú gòkè odò, nǹkan bí 900 ló sì pàdé wọn, tí èyí tó ju ìdajì wọn lọ jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Ọ̀gágun Faransé, Beaujeu, kú ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, síbẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ fọ́n sẹ́yìn igi ní ọ̀tún àti lósì, wọ́n ń yìnbọn sí àárín àwọn tó tò ní ìlà pẹ̀lú ẹ̀wù pupa. Ó lé ní 800 Gẹ̀ẹ́sì tó kú tàbí tó fara gbọgbẹ́. Washington ní ẹṣin méjì kú lábẹ́ òun, ọta mẹ́rin sì gba inú kóòtù òun kọjá láì kan ara.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìjà náà. Shingas, olóyè Delaware, wá bá Braddock, ó bi í pé bí wọ́n bá bá a lé Faransé lọ, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ náà? Braddock fèsì pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni yóò máa gbé ibẹ̀ tí wọn yóò sì jogún rẹ̀, kò sí ará igbó kankan tí yóò jogún ilẹ̀. Shingas ní bí àwọn kò bá ní ẹ̀tọ́ láti gbé orí rẹ̀, àwọn kò ní jà fún un. Shingas fúnra rẹ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọkùnrin kan tí wọ́n mú nígbèkùn, ẹni náà ló sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ ogun, àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ṣẹ́kù lẹ́yìn Braddock kò ju ìwọ̀nba kéréje lọ.

Ní Pittsburgh, odò Allegheny àti Monongahela pàdé, wọ́n di Ohio. Wọ́n ti fi òkúta ya àwòrán odi Fort Duquesne ti Faransé sórí koríko níbi tó wà gan-an, nítòsí ìsun omi ńlá tí àwọn ọmọdé ń ṣeré nídìí rẹ̀. Ó ya ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu pé ó kéré tó bẹ́ẹ̀. Àwọn Faransé fúnra wọn ló dáná sun ún nínú oṣù Kọkànlá ọdún 1758 nígbà tí ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, John Forbes, ń bọ̀, tí àwọn tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ti padà sílé. Ìdí tí wọ́n fi padà sílé ni àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn ọmọ onílẹ̀ ṣe ní Easton nínú oṣù Kẹwàá ọdún náà, pé àwọn kò ní tẹ̀dó sí ìwọ̀-oòrùn òkè Allegheny.

Lẹ́yìn àdéhùn yẹn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ Fort Pitt síbẹ̀ láàárín ọdún 1759 sí 1761, odi tó tóbi ju ti Faransé lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ilé bíríkì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Block House, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1764, ṣì dúró. Òun ni ilé tó pẹ́ jù ní ìwọ̀-oòrùn Pennsylvania. A wọlé. Ihò ìbọn wà lára igi tó yí ògiri rẹ̀ ká, ẹ̀gbọ́n mi sì fi ọwọ́ wọn ọ̀kan. Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ nípa ọdún 1763, nígbà tí àwọn ọmọ onílẹ̀ rí i pé Gẹ̀ẹ́sì kò kúrò, tí wọ́n sì dìde. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà, àwọn aṣojú Delaware wá bá àwọn tó wà nínú odi sọ̀rọ̀; nígbà tí wọ́n ń lọ, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún wọn ní búláńkẹ́ẹ̀tì méjì àti háńkáṣíìfù kan láti yàrá àwọn tí ilẹ̀gbóná ń bá jà. William Trent, oníṣòwò tó wà nínú odi, kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé òun retí pé yóò ṣiṣẹ́ tí àwọn fẹ́ kó ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi jáde síta, wọ́n ní àwọn fẹ́ gba atẹ́gùn.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1763, ọba Gẹ̀ẹ́sì kéde pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra ilẹ̀ tàbí tẹ̀dó sí ìwọ̀-oòrùn àwọn òkè yìí. Lọ́dún 1767, Washington kọ̀wé sí awọnlẹ̀ kan tó ń jẹ́ William Crawford pé kí ó bá òun wá ilẹ̀ dáadáa níbẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́, nítorí òun gbà pé ìkéde náà wà fún ìgbà díẹ̀ ni, láti fi pa àwọn ọmọ onílẹ̀ lẹ́nu mọ́.

Ọjọ́bọ̀: Waterford àti Niagara

Waterford jẹ́ ìlú kékeré, ère Washington sì wà níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni Fort LeBoeuf, odi Faransé, wà nígbà tó mú lẹ́tà Dinwiddie wá ní oṣù Kejìlá ọdún 1753, pé kí Faransé kúrò. Legardeur de Saint-Pierre, olórí odi náà, gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì kọ èsì pé òun yóò fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí gómìnà ní Kánádà, ṣùgbọ́n òun kò ní kúrò. A ya fọ́tò, a lọ.

Niagara ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí ènìyàn bá dúró lẹ́yìn odi náà, níbi tí odò Niagara ti ń wọ adágún Ontario, yóò rí Kánádà ní òdìkejì. Ilé òkúta ńlá kan wà níbẹ̀ tí Faransé kọ́ lọ́dún 1726. Wọ́n ti sọ fún àwọn Iroquois pé ilé ìtajà ni àwọn fẹ́ kọ́, wọ́n sì kọ́ ọ bí ilé olówó ní abúlé Faransé, ṣùgbọ́n ògiri rẹ̀ nípọn, kànga wà nínú rẹ̀, ààyè sì wà fún ìbọn ní àjà òkè. A gba àtẹ̀gùn dé òkè, mo sì rí bí fèrèsé orí òrùlé ṣe kọjú sí gbogbo ibi tí ọ̀tá lè gbà wá. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí ẹni tó ni ilẹ̀ bá yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọjà tí wọ́n sì kọ́ odi sí i, ìyọ̀ǹda náà ti bàjẹ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo ní àwọn Seneca náà rí i bẹ́ẹ̀ nígbà tó yá. Lọ́dún 1759, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì wá ká odi náà mọ́, àwọn Iroquois tó lé ní 900 ló tẹ̀ lé Sir William Johnson, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì láàárín wọn, wá. Ọ̀gágun àgbà Gẹ̀ẹ́sì, Prideaux, ni àgbá àwọn ènìyàn rẹ̀ fúnra wọn ṣèèṣì pa, Johnson sì gba ipò. Odi náà bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 25 oṣù Keje.

Ọjọ́ Ẹtì àti Ọjọ́ Àbámẹ́ta: Lake George àti Ticonderoga

Ọ̀nà New York jìn, ó sì rẹ̀ wá. Fort William Henry ní Lake George ti di ibi tí àwọn arìnrìn-àjò ń rà áísìkiriìmù nítòsí rẹ̀. Níbẹ̀ ni Montcalm, olórí ogun Faransé, ti gba ìtúúbá George Monro, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú odi, nínú oṣù Kẹjọ ọdún 1757, tí àwọn ọmọ onílẹ̀ tó bá a jà sì kọlu àwọn tó túúbá, nítorí kò sẹ́ni tó bá wọn sọ̀rọ̀ àdéhùn náà kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, àdéhùn náà sì gba ìkógun tí wọ́n ti ìlú jíjìn wá kó mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ní Ticonderoga, tí Faransé ń pè ní Carillon, àwọn òkìtì tí wọ́n fi ṣe ààbò lọ́jọ́ 8 oṣù Keje ọdún 1758 ṣì wà nínú igbó. Nǹkan bí 16,000 ni Abercromby, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, kó wá, nǹkan bí 3,600 ni Montcalm ní, Abercromby sì ń rán àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ bá igi ṣóńṣó láìgbé àgbá lẹ́yìn wọn, títí nǹkan bí 2,000 fi kú tàbí fara gbọgbẹ́. Èmi kò rí ohun kan kọ́ níbẹ̀ nípa ilẹ̀, àyàfi pé ibi tí omi méjì ti pàdé ni ẹnikẹ́ni tó fẹ́ gba orílẹ̀-èdè yìí ń kọ́ odi sí. A sọdá sí Kánádà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́ Àìkú: Quebec

A jáde ṣọ́ọ̀ṣì, a sì lọ sí pápá Abraham, orúkọ Abraham Martin tó ní ilẹ̀ nítòsí ibẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú ogun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1759, nǹkan bí 4,500 ọmọ ogun James Wolfe, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, ti gba ọ̀nà tóóró kan ní Anse-au-Foulon gun òkè létí odò St. Lawrence lóru, wọ́n sì tò sórí pápá yìí. Montcalm kò dúró de ìrànlọ́wọ́. Ó jáde bá wọn. Ìjà gan-an kò tó wákàtí kan. Wolfe kú sójú ogun ní ọmọ ọdún 32, Montcalm kú ní ọjọ́ kejì. Òpó ìrántí kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ fún àwọn méjèèjì nínú ọgbà àwọn gómìnà, mi ò sì rí irú rẹ̀ rí, pé kí ìlú kan fi orúkọ aṣẹ́gun àti ẹni tó pàdánù sára òkúta kan náà. Ohun tí òkúta náà kò sọ ni àwọn oko tí Wolfe ti jó ní ẹ̀bá odò ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, tàbí ọta àgbá tó ti fọ́ ìlú ìsàlẹ̀ fún oṣù méjì.

Montreal túúbá ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1760, ìwé àlàáfíà sì wáyé ní Paris ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 1763. A jókòó sí ilé kọfí kan, ẹ̀gbọ́n mi sì ní kí n ka àwọn ohun tó wà nínú rẹ̀ fún àwọn. Faransé jọ̀wọ́ Kánádà àti gbogbo ilẹ̀ ìlà-oòrùn odò Mississippi yàtọ̀ sí New Orleans. Wọ́n dá Guadeloupe àti Martinique padà fún un. Ní Áfíríkà, wọ́n dá erékùṣù Gorée padà fún Faransé, Gẹ̀ẹ́sì sì di odò Senegal mú.

"Erékùṣù kékeré méjì dípò Kánádà?"

Mo ní ṣúgà ni, owó tó ń ti ibẹ̀ wá ju ti awọ ẹran Kánádà lọ.

"Ta ló ń gbin ìrèké?"

Mo dákẹ́, nítorí wọ́n mọ̀. Wọ́n mọ̀ nípa ọkọ̀ Faransé tó ń kó ẹrú ní Ouidah, wọ́n sì mọ̀ pé wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa ní Nago ní Saint-Domingue, tó di Haiti lónìí. Wọ́n ní àwọn méjì yìí náà ló tún jókòó lọ́dún 1889, tí wọ́n fa ààlà tó fi Kétu sọ́wọ́ Faransé tí ó sì fi àwọn ẹbí rẹ̀ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Alákétu kò sì sí ní ìjókòó yẹn. Ní ti Paris ọdún 1763, kò sí Delaware, Shawnee tàbí Iroquois kankan tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Ajé: Wendake

Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí a yà síhìn-ín kí a tó padà. Mo ti sọ fún wọn ní alẹ́ àná pé ìlú àwọn Huron-Wendat wà lẹ́bàá Quebec, pé àwọn tó sá fún ogun Iroquois ní agbègbè adágún ńlá ní nǹkan bí ọdún 1650 ni wọ́n, àti pé ìwé kan wà lọ́wọ́ wọn.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1760, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú kí Montreal tó túúbá, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì James Murray kọ ìwé kúkúrú fún olórí àwọn Huron ní Longueuil, pé ó ti wá ṣe àlàáfíà, kí ẹnikẹ́ni má dí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́wọ́ bí wọ́n ti ń padà sílé ní Lorette, kí wọ́n máa ṣe ẹ̀sìn wọn, kí wọ́n máa tẹ̀ lé àṣà wọn, kí wọ́n sì máa bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣòwò ní òmìnira. Lọ́dún 1982, àwọn ọkùnrin kan láti ìlú yìí lọ sínú ọgbà ìjọba ní Jacques-Cartier, wọ́n gé igi, wọ́n pàgọ́, wọ́n dáná fún ètùtù wọn. Wọ́n mú wọn, wọ́n sì dá wọn lẹ́bi. Ìjọba Quebec ní ìwé ìrìnnà lásán ni ohun tí Murray kọ. Lọ́dún 1990, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ní Kánádà dájọ́ pé àdéhùn ni, pé ó ṣì múlẹ̀, wọ́n sì dá wọn sílẹ̀.

Ojú ẹ̀gbọ́n mi là. Wọ́n bèèrè ibi tí ilé-ẹjọ́ náà fa ààlà sí, mo sì wá ìdájọ́ náà jáde lórí fóònù fún wọn. Ṣàṣà ènìyàn ni mo ti rí tó ń ka ìdájọ́ bí ẹni ń ka lẹ́tà láti ilé. Wọ́n ṣàkíyèsí pé ẹ̀tọ́ lílò ni wọ́n fún wọn níbi tí àwọn baba wọn ti ń rìn, níwọ̀n ìgbà tí kò bá tako lílò tí ìjọba ń lo ilẹ̀ náà. Wọn kò dá ilẹ̀ náà padà. "Kò burú," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀tọ́ níní."

A yẹ kí a ti kọrí sí Baltimore láti aago mẹ́wàá. Wọ́n ní kí n máa wakọ̀ lọ, àwọn ṣì wà níbi tí àwọn adájọ́ ti ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá Murray ní àṣẹ láti tọwọ́ bọ̀wé lórúkọ ọba, àti pé bí òun kò bá ní in, ṣé ọmọ Huron tó wà níwájú rẹ̀ ló yẹ kó mọ̀.